Oògùn Orí Ìwé Kò Wo Jẹjẹrẹ Ìfun Sàn

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde lára ọkùnrin kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Àkúrẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wá sí i lẹ́nu: jẹ̀díjẹ̀dí. Kò ní sọ fún ìyàwó rẹ̀. Yóò lọ bá alágbo ní gáréèjì, yóò ra igo kan, yóò mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dá fún ìgbà díẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ọdún kan gbáko, yóò kọjá. Ìgbà tí ikùn bá wú, tí ara bá rù, tí ìgbẹ́ kò bá sì rí ọ̀nà jáde mọ́, ni wọn yóò tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Oníṣègùn yóò fọwọ́ kan ikùn náà, yóò mi orí, yóò sì béèrè pé, "Níbo lẹ ti wà láti ọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn nìkan kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n bi. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wo inú ìfun rẹ̀, tí kò ní owó tí yóò fi ra oògùn gidi, tí ó sì ń gbọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé ewé kan ti ṣẹ́gun jẹjẹrẹ, níbo ni ó fẹ́ gbà? Àwọn tí ẹjọ́ yìí kàn ju alágbo lọ. Ó kan ìjọba, ó kan àwọn yunifásítì, ó sì kan àwọn ilé ìròyìn tí ń gbé ìròyìn oògùn tí kò sí.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí ìfun ìdí wà lára rẹ̀, kì í ṣe àrùn òyìnbó mọ́. Ní 1971, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ síwèé pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, nítorí pé oúnjẹ tí wọn kò bó, tí wọn kò sì sẹ́, ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 2022, iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú káàkiri àgbáyé súnmọ́ mílíọ̀nù 2, iye àwọn tó pa sì lé ní 900,000. Nínú gbogbo ẹ̀yà jẹjẹrẹ, ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ó ń pa ènìyàn jù ú lọ. Òun ni ó mú Pele, ọba bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Brazil, lọ ní oṣù Kejìlá 2022. Òun náà ni ó mú Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe Black Panther, lọ ní oṣù Kẹjọ 2020, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 43 péré. Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ńlá Nàìjíríà náà kò ka àrùn yìí sí àlejò mọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn rẹ̀? Ó yẹ kí èyí yé aráàlú dáadáa, kí ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín oògùn àti òkìkí.

Ní 1954, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ eku máa ń fa èròjà kan tí ń jẹ́ uracil mọ́ra ju ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá lọ. Bí olè bá fẹ́ràn àkàrà, inú àkàrà ni ọlọ́gbọ́n ń dẹ pàkúté sí. Charles Heidelberger, ní Yunifásítì Wisconsin, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú uracil náà, wọ́n yọ átọ̀mù hydrogen kan lára rẹ̀, wọ́n sì fi átọ̀mù fluorine kan sí ipò rẹ̀. Ní 1957, wọ́n kéde èròjà tuntun náà: 5-fluorouracil. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbé e mì bí oúnjẹ, oúnjẹ náà sì há a lọ́fun, nítorí pé ó dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà rí ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ó fi ń kọ́ DNA. Títí di òní, oògùn yìí ni òpó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìfun káàkiri ayé.

Irú èròjà báyìí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí: èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn oníkẹ́místìrì sì lè to átọ̀mù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹyọ kan, tí wọ́n fi òmíràn sí i, agbára rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì lè di májèlé. Ìdí nìyí tí ìdánwò fi ṣe pàtàkì ju èrò lọ.

Ẹ wo ìtàn jíìnì KRAS. Láti 1982 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n mọ́ jẹjẹrẹ. Pùrótéènì tí jíìnì yìí ń ṣe dà bí súìsì tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó pọ̀ sí i. Bí ó bá bàjẹ́, súìsì náà kò ní kú mọ́. Ó bàjẹ́ báyìí nínú nǹkan bí 40 nínú 100 jẹjẹrẹ ìfun. Fún ọgbọ̀n ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara pùrótéènì náà dán bí ẹyin, pé kò sí ibi tí oògùn lè fi ọwọ́ kọ́. Ní 2013, Kevan Shokat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Francisco rí kòtò kékeré kan lára ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní G12C, wọ́n sì rí èròjà tí ó wọ inú kòtò náà tí kò jáde mọ́. Ní 2021, sotorasib gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí wọ́n gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ń bá jà, agbára rẹ̀ rẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì ìfun ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan tí ó ń gbà tan iná súìsì náà padà. Ó di 2024 kí adagrasib, àti 2025 kí sotorasib, tó gba àṣẹ fún jẹjẹrẹ ìfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú oògùn abẹ́rẹ́ mìíràn tí ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé náà. Ohun kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí vemurafenib ṣáájú wọn. Ó gba àṣẹ ní 2011 fún jẹjẹrẹ awọ ara tí jíìnì BRAF ń fà. Jíìnì kan náà, àbùkù kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìfun, díẹ̀ ni àwọn tí ó ràn lọ́wọ́. Láti 1982 sí 2024 jẹ́ ọdún 42, ẹ̀yà G12C tí wọ́n sì ṣe gbogbo wàhálà yìí lé lórí kò ju bí 3 tàbí 4 lọ nínú 100 aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun.

Ní ibi tí owó wà, tí iná kì í kú, tí ọ̀mọ̀wé kún inú yàrá ìwádìí, ibi tí ọwọ́ dé nìyẹn láàárín ọdún 42. Ta ni yóò wá gbàgbọ́ pé ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà alágbèéká wo àrùn kan náà sàn láàárín oṣù mẹ́ta?

Síbẹ̀, bí àwọn ìwé ìmọ̀ tí ń jáde láti àwọn yunifásítì Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ó gbòde báyìí ni kí olùwádìí wa àwòrán pùrótéènì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wa àwòrán àwọn èròjà inú ewúro, efinrin tàbí ata ilẹ̀, kí ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi kọ́kọ́rọ́ dán àgádágodo wò. Kọ̀ǹpútà yóò pọ nọ́ńbà jáde. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo tó, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣe bá ihò mu tó. Olùwádìí yóò mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ dára jù, yóò kọ ìwé, yóò sì parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tí gbogbo wọn mọ̀ sórí: pé èròjà yìí lè jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ìfun lọ́jọ́ iwájú, bí àwọn mìíràn bá tún ṣe ìwádìí sí i. Àwọn mìíràn náà kì í wá. Olùwádìí fúnra rẹ̀ ti kọjá sórí ewé mìíràn.

Kò sí àléébù nínú lílo kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ń ṣe oògùn ní Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Jámánì náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ó di ibi tí Nàìjíríà ń parí sí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá èròjà náà yóò yòrò nínú omi. Kò mọ̀ bóyá ìfun yóò gbà á, tàbí ẹ̀dọ̀ yóò tú u ká kí ó tó dé ibi tí wọ́n rán an. Kò mọ iye pùrótéènì mìíràn tí kọ́kọ́rọ́ kan náà yóò ṣí nínú ọkàn, nínú kíndìnrín àti nínú ọpọlọ. Nọ́ńbà tí ó dára kì í ju ìdí tí ó fi yẹ kí ẹnì kan gbé ìgò yẹn wá dánwò lọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ohun tí ó yẹ kó tẹ̀lé e kò fara sin. Oníkẹ́místìrì yóò ṣe èròjà náà gan-an, yóò sì fi hàn pé ó mọ́. Wọn yóò dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun nínú àwo, wọn yóò sì wo bí ìwọ̀n rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tó kí ìdajì sẹ́ẹ̀lì náà tó kú. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń fò dá: ìwọ̀n kan náà yẹn, kí ni ó ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àìsàn? Omi gbígbóná pàápàá ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èròjà tí kò bá mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá kì í ṣe oògùn. Èyí tí ó bá yege níbẹ̀ yóò lọ sára èkúté, lẹ́yìn náà sára ènìyàn díẹ̀ láti mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà, lẹ́yìn náà sára ọ̀pọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń wo àrùn. Nínú èròjà mẹ́wàá tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni yóò kọsẹ̀ kí ó tó gba àṣẹ.

Ìtàn igi méjì yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ni sí i. Orin àtà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn àgbà ń rún lẹ́nu láàárọ̀. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní fagaronine láti inú gbòǹgbò rẹ̀, pé ó sì ń gbógun ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára èkúté. Nígbà tó yá, ìwádìí fi hàn pé ó ń dí iṣẹ́ àwọn ẹ̀ńsáímù tí ń tú ìlọ́po DNA nínú sẹ́ẹ̀lì. Igi kejì jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà. Monroe Wall àti Mansukh Wani yọ camptothecin láti ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1966. Òun náà ń dí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ńsáímù yẹn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn, ó ba àpò ìtọ̀ wọn jẹ́, wọ́n sì gbé e tì. Ṣùgbọ́n àwọn oníkẹ́místìrì ní Japan tún un tò, wọ́n sọ ọ́ di irinotecan, tí ó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1996 fún jẹjẹrẹ ìfun. Òun àti oxaliplatin, tí Yoshinori Kidani ṣe ní ìlú Nagoya ní 1976, ni wọ́n ń fi kún 5-fluorouracil ní ilé ìwòsàn títí di òní.

Kò sí ẹni tó lè búra pé fagaronine ìbá di oògùn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ kì í dé ibi kankan. Ṣùgbọ́n camptothecin náà ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó gbé e dìde ni pé àwọn kan ní yàrá ìwádìí, ní owó, ní iná, ní sùúrù, wọ́n sì tún un tò títí tí ó fi dára. Ẹni tí ó bá ń fi orin àtà yangàn lórí rédíò gbọ́dọ̀ sọ fún aráàlú pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Ifẹ̀.

Ẹ̀bi náà kò lè jẹ́ ti olùkọ́ yunifásítì nìkan. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dán oògùn wò, inú nítírójínì olómi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ní òtútù ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo. Bí wọ́n bá jí i, inú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 37 tọ̀sán-tòru ni yóò máa gbé. Bí iná bá lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sí owó dísù fún jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Kẹ́míkà tí olùwádìí ní Ìlú Ọba ń rí gbà lọ́jọ́ kejì lè pẹ́ ní èbúté ju bí ó ti yẹ kó pẹ́ nínú fìríjì lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká nìkan ni kò nílò gbogbo ìyẹn. Ẹni tí ebi ń pa ni yóò jẹ ohun tí ó bá rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí kì í ṣe ti iná. Iye ìwé tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣe ìgbéga fún un. Ìwé mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà láàárín ọdún kan tẹ̀wọ̀n ju ìwé kan ṣoṣo tí ó gba ọdún mẹ́rin nínú yàrá ìwádìí lọ. Ẹni tí ó bá lo ọdún mẹ́ta láti fi hàn pé èròjà kan kò ṣiṣẹ́ ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lójú ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òótọ́ ni ó bá pàdé. Ilé ìròyìn wá gbé ti orí kọ̀ǹpútà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n Nàìjíríà ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Akọ̀ròyìn kò béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì kan kú, bóyá èkúté kan yè. Alágbo gbọ́ ìròyìn náà, ó ní yunifásítì ti jẹ́rìí sí àgbo òun. Aláìsàn gbọ́ ti alágbo, ó sì ra igo kejì. Ojú ọ̀nà tí irọ́ ń gbà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ti làálàá, ṣebí àwọn òyìnbó ń ṣe oògùn, kí Nàìjíríà máa ra tiwọn. Èsì méjì ni ó wà fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, owó kò sì sí nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó pẹ̀lú ń pani.

Àkọ́kọ́, jẹjẹrẹ kan náà kọ́. Ní 2021, àwọn oníṣègùn tí ibùjókòó iṣẹ́ wọn wà ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú Nature Communications. Wọ́n ka jíìnì inú jẹjẹrẹ ìfun àwọn aláìsàn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì fi wé ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lára ti Nàìjíríà, ohun tí ń tún àṣìṣe DNA ṣe ti bàjẹ́, èyí tí ó pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Nínú àwọn tó kù, àbùkù jíìnì APC, tí wọ́n kà sí ẹnu ọ̀nà jẹjẹrẹ ìfun nínú gbogbo ìwé, kò dé ìdajì, nígbà tí ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àbùkù ọ̀nà tí KRAS wà pọ̀ ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, HT-29 àti Caco-2, méjì nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dán oògùn ìfun wò jù káàkiri ayé, ara obìnrin òyìnbó kan àti ọkùnrin òyìnbó kan ni wọ́n ti mú wọn. Aṣọ tí wọ́n wọn sí ara ẹlòmíràn lè bá ni mu, ó sì lè há ni lápá.

Èkejì, ara tí ń gba oògùn náà kì í ṣe ọ̀kan. 5-fluorouracil kò ní pẹ́ nínú ara, nítorí pé ẹ̀ńsáímù kan, tí jíìnì DPYD ń ṣe, máa ń tú u ká. Ẹni tí jíìnì yìí bá ní àbùkù lára rẹ̀, oògùn yóò kún ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè pa á. Ní Yúróòpù, àbùkù 4 ni wọ́n sábà ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn náà, ara àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Yúróòpù sì ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Y186C, tí ó wà lára nǹkan bí 3 sí 5 nínú 100 àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, kò sí lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ìwé ìdánwò lè sọ fún ọmọ Yorùbá kan ní London pé kò séwu, kí ewu náà sì wà níbẹ̀ gedegbe. Oògùn tó ti wà láti 1957 nìyẹn o. Bí wọn kò bá dán oògùn wò lára àwọn ènìyàn kan, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí yóò ṣe wọ́n títí yóò fi ṣe wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò mẹ́nu kan Kano, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n kó wọnú ìdánwò náà, 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, wọ́n fi 75 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu sá a.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wo ni Kano kọ́ ni? Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni má dán oògùn wò ní Nàìjíríà mọ́. Ohun tí ó kọ́ ni ni pé ìlú tí kò bá ní onímọ̀ tirẹ̀, yàrá ìwádìí tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ tí kì í gba rìbá, yóò di oko tí àjèjì ń wọ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ. Òfin ìlera ti 2014 ti sọ ohun tí ó tọ́ nípa ìwádìí lára ènìyàn. Ó ku kí àwọn tí yóò mú un ṣẹ rí owó àti agbára.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ kò lè tó o. Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, NIPRD, ti gbé àgbo ìdílé Yorùbá kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, wọ yàrá ìwádìí. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára ènìyàn, wọ́n sì pè é ní Niprisan. Ó dé ọjà ní 2006. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ ṣíṣe rẹ̀ sí, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní 2008. Oògùn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe wá dàwátì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ìmọ̀ kò ṣaláìsí níbẹ̀ rárá. Owó àti ìfẹ́ láti mú iṣẹ́ dópin ni kò sí.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro láti kà. Kí ìjọba àpapọ̀ mú yunifásítì mẹ́ta péré, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá ìwádìí tí iná rẹ̀ kò ní kú, pẹ̀lú nítírójínì, sẹ́ẹ̀lì àti ilé èkúté, kí gbogbo olùwádìí tí ó ní èròjà lórí kọ̀ǹpútà lè gbé e wá síbẹ̀ láìsanwó. Mẹ́ta tí ń ṣiṣẹ́ sàn ju ọgbọ̀n tí ìpẹta ti jẹ lọ. Kí wọ́n tọ́jú kókó jẹjẹrẹ tí oníṣẹ́ abẹ bá yọ lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí wọ́n sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì tí wọn yóò máa fi dán oògùn wò, dípò kí wọ́n máa sun ún níná. Ìlú Netherlands ni Hans Clevers àti Toshiro Sato ti fi hàn bí ẹran ìfun ṣe lè máa dàgbà nínú àwo. Ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Láti 2017 ni òfin ti dá ilé ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì fún un ní owó rẹ̀.

Kí àwọn yunifásítì yí ìlànà ìgbéga padà. Ìwé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní ìdánwò kankan lẹ́yìn kò gbọdọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ní. Èsì pé èròjà kan kò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní iye lórí. Kí àwọn akọ̀ròyìn béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ "oògùn" sójú ìwé: ṣé sẹ́ẹ̀lì ni, ṣé èkúté ni, ṣé ènìyàn ni? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni, kí wọ́n kọ kọ̀ǹpútà. Kí NAFDAC sì pa alágbo tí ń polówó oògùn jẹjẹrẹ lẹ́nu mọ́.

Èyí tí ó kù kò lè dúró de oògùn tuntun rárá. Jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n bá tètè rí, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ nìkan lè mú un kúrò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, tí bí ó ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ara rẹ̀ bá ń rù láìnídìí, kí ó má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí kí oníṣègùn tó pè é bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí tálákà lè san. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ní Abuja ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn ni àwọn yóò máa fi sórí ìlera. Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Olówó tí jẹjẹrẹ bá mú yóò wọ bàálù lọ sí India tàbí Ìlú Ọba. Ọkùnrin tó ra igo àgbo ní gáréèjì kò ní bàálù. Ewé tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè ní ohun tí yóò gba ọmọ rẹ̀ là lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ẹnu alágbo, kì í sì ṣe láti inú nọ́ńbà kọ̀ǹpútà. Àfi kí ẹnì kan gbé e wọ yàrá tí iná rẹ̀ kò ní kú, kí ó dán an wò títí, kí ó sì ní ìgboyà láti sọ fún aráàlú bí kò bá ṣiṣẹ́.